Èédú, tíkì, kajú tàbí emi: èwo ló yẹ ilẹ̀ ẹbí yín?

Éékà márùn-ún ni ilẹ̀ tí bàbá bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa lójú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe ìpàdé ẹbí lórí ohun tí a ó fi ṣe é, a ò sì fẹnu kò. Àbúrò bàbá mi fẹ́ tíkì. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Ìbàdàn ní kajú ló dára jù. Ẹnìkan ní kí a kúkú pe àwọn eléèédú kí wọ́n wá gé gbogbo igi ibẹ̀, kí a pín owó, kí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Ìyá àgbà ilé wa jókòó ti ògiri, ó ká ẹsẹ̀ kò. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọlé ló ti ń ṣa emi, èso tí wọ́n fi ń ṣe òrí, lórí ilẹ̀ yẹn. Kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, òun ló sì jẹ́ kí n kọ èyí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹbí láti Sùúrùlérè dé Oríire, títí dé Ògo-Olúwa, ló wà nínú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù ti ń sọ pé ohun tí wọ́n ń fi epo rọ̀bì ṣe, igi àti ewéko ni àwọn yóò máa fi ṣe é: iná, bébà, aṣọ, ilé. Bioeconomy ni wọ́n ń pè é. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé ìlànà tirẹ̀ jáde ní 2012, Finland gbé tirẹ̀ jáde ní 2014. Àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ wò ó, wọ́n sì béèrè ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kò béèrè: ta ló ni igbó tí igi náà yóò ti wá? Ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀? Ta ni wọn yóò lé jáde kí igi náà tó lè dàgbà? Ìbéèrè wọ̀nyẹn gan-an ló yẹ kí ìyá àgbà wa bi ìpàdé wa, ká ní a jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Ohun tí ẹ ó fi wọ̀n wọ́n

Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà. Ta ló ni ín, ta ló sì ni igi orí rẹ̀? Lọ́dọ̀ wa, ọ̀tọ̀ ni ti ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ti igi. Ẹni tó gba ilẹ̀ dáko, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, lè gbin iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo títí yóò fi darúgbó. Ọjọ́ tó bá ri kajú mọ́lẹ̀ ni ìjà dé. Ìdí ni pé igi ń jẹ́rìí. Tó bá fi máa pé ogún ọdún, àwọn tó mọ bí ilẹ̀ ṣe dọ́wọ́ yín lè ti kú tán, igi á ṣì dúró níbẹ̀, á máa sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, àmọ́ lóko, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà ẹbí la ṣì ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá gba ilẹ̀ dáko, tí kò sì ní àdéhùn lórí igi, kó fojú fo tíkì àti kajú nísàlẹ̀ yìí.

Lẹ́yìn náà, ìgbà wo lowó máa dé, ọwọ́ ta ló sì máa bọ́ sí? Méjèèjì ń rìn pọ̀. Nínú ohun tí mo ti fojú rí, owó ńlá tó ń dé lẹ́ẹ̀kan ní ogún ọdún, ọwọ́ àwọn ọkùnrin tó jẹ́ àgbà ẹbí ló ń bọ́ sí. Owó kékeré tó ń dé lọ́dọọdún, èyí tí èèyàn ṣa nílẹ̀, tó sè, tó gbé lọ sọ́jà, ọwọ́ àwọn obìnrin ló ń wà, inú ìkòkò ọbẹ̀ àti owó ilé ìwé ló sì ń parí sí. Bí ẹ bá fi igi olówó ńlá rọ́pò igi olówó kékeré, ẹ ti gba owó lápò ẹnìkan nínú ilé fún ẹlòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí ìwé, ẹbí lówó sí i.

Ẹ wo oníbàárà pẹ̀lú. Bí ẹnìkan ṣoṣo ló lè ra ohun tí ẹ gbìn, òun ni yóò máa dá iye fún yín. Ẹ má sì gbàgbé iná ọ̀gbẹlẹ̀ àti màlúù, nítorí àárín ọ̀dàn la wà.

Èédú

Èyí ló yá jù. Ẹ kò ní ná kọ́bọ̀. Eléèédú á mú ẹ́ńjìnì agégi wá, á wo ilẹ̀, á dá iye, ẹ ó gba owó kí oṣù tó parí. Ọjà rẹ̀ kò sì ṣòro, torí bí gáàsì bá ti ń wọ́n sí i ni ìdáná eléèédú ń padà sí ẹ̀yìnkùlé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti n'Íbàdàn. Èmi ò bá ìyá tó ń tà á lọ́rá jà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á to igi jọ, wọ́n á fi koríko bò ó, wọ́n á fi iyẹ̀pẹ̀ rẹ́ ẹ, wọ́n á tiná bọ̀ ọ́, á sì máa jó lábẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Púpọ̀ nínú igi náà ló ń bá èéfín lọ. Kìlógíráàmù igi gbígbẹ mẹ́fà sí mẹ́wàá ló ń lọ sórí kìlógíráàmù èédú kan. Igi tó wúwo ni èédú rẹ̀ ń pẹ́ níná, nítorí náà àwọn igi tó dára jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé: àyin, apá, emi. Àwọn tó pẹ́ jù kí wọ́n tó dàgbà nìyẹn.

Ilẹ̀ ẹbí kan tó bá tiwa pààlà ti lọ bẹ́ẹ̀. Mo rìn ibẹ̀ kọjá nígbà òjò. Ojú ibi tí wọ́n ti finá sun igi dúdú róbótó, ó ju yàrá kan lọ, èédú wẹ́wẹ́ ń dún lábẹ́ bàtà mi, koríko ga yí i ká, àárín rẹ̀ kò hu nǹkan kan. Kùkùté emi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ti ń rú èéhù méjì, ewúrẹ́ sì ti jẹ ọ̀kan nínú wọn. Owó tí wọ́n pín kò ju ìnáwó ọdún iléyá kan lọ, ọmọ ilé náà kan ló sọ fún mi bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ rí owó lóṣù yìí nítorí àìsàn, ẹ ta igi díẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín tọ́ka sí èyí tí wọ́n á gé, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi àwọn òṣìṣẹ́ fọ́rẹ́sìtì léèrè ìwé àṣẹ. Ẹ má ta ilẹ̀ gbalaja fún eléèédú.

Tíkì

Láti 1902 ni tíkì ti wà ní Nàìjíríà, ní igbó ọba Olókèméjì. Igi àtàtà ni. Ikán kì í tètè rí i jẹ, màlúù kì í fẹ́ ewé rẹ̀, bí iná bá sì jó o lẹ́yìn tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, á tún rú. Bí ẹ bá gé e, kùkùté rẹ̀ á hu padà, ẹ ò ní gbin òmíràn. Àwọn ọmọdé lóko mọ̀ ọ́n dáadáa: bí wọ́n bá fi àtẹ́lẹwọ́ ra ewé rẹ̀ tó tutù, ọwọ́ wọn á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Bí ẹ bá fi mítà mẹ́ta sí àárín igi kan àti èkejì, éékà kan á gba nǹkan bí 450. Láti ọdún karùn-ún sí ìkẹjọ ni ẹ ó máa dín in, èyí tí ẹ bá gé kúrò á ṣe òpó àti igi ìkọ́lé. Igi tí sọ́ọ̀mìlì máa là sí pákó gidi, ogún ọdún sókè ni. Iṣẹ́ pọ̀ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, torí ẹ gbọ́dọ̀ máa ro ó, ẹ sì lè gbin àgbàdo tàbí ẹ̀wà sáàárín rẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ilẹ̀ á ṣú, oúnjẹ kankan kò ní lè hù mọ́.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù tíkì ni ogún ọdún yẹn. Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ? Àwọn ọ̀dọ́ wa wà l'Ékòó. Igi tó ti tó là, olè á fi òru kan gbé e. Bí olórí ẹbí tó gbìn ín bá sì kú ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ lọ wo kóòtù. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ilẹ̀, tíkì á fún ìjà náà ní gbòǹgbò. Kí ẹ tó gbin ẹyọ kan, ẹ pe sọ̀fíyọ̀ wá, ẹ kọ ìwé, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ọmọ sí i, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, àmọ́ ìwé ìpín owó igi ni wọ́n ti máa ń gbàgbé rẹ̀.

Àwọn kan á ní mẹ̀láínà, igi tí wọ́n ń pè ní gmelina, yá ju tíkì lọ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Wọ́n gbin mẹ̀láínà rẹpẹtẹ síbẹ̀ kí ilé iṣẹ́ bébà Ìwópìn lè máa lò ó. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe rò ó. Igi dàgbà, oníbàárà tí wọ́n torí rẹ̀ gbìn ín kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tí mo ní kí ẹ wo oníbàárà.

Kajú

Kajú ló bá ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ mu jù nínú àwọn igi tí èèyàn ń gbìn, kò sì sí ọmọ ìlú wa tí kò mọ̀ ọ́n. Ta ni omi kajú kò tíì ba aṣọ rẹ̀ jẹ́ rí? Ilẹ̀ iyanrìn, òjò tí kò pọ̀ jù, ọ̀gbẹlẹ̀ gígùn, kò kọ ọ̀kankan. Ó ń so láàárín ọdún kẹta sí ìkarùn-ún. Láti oṣù kejì sí ìkarùn-ún lẹ ó máa ṣa á, ìgbà tí owó ẹ̀gẹ́ àti iṣu ti ń tán lápò nìyẹn, ilé ìwé sì ń béèrè owó. Ìdí èyí nìkan tó kí n fi í síwájú tíkì fún ìdílé tí kò ní iṣẹ́ oṣù.

Mítà mẹ́wàá ni kí ẹ fi sáàárín igi sí igi, ogójì igi ni éékà kan á gbà. Ẹ má gbìn ín pọ̀ mọ́ra. Ojúkòkòrò yẹn ni mo rí jù lóko àwọn èèyàn wa. Igi kajú fẹ́ oòrùn lára gbogbo ẹ̀ka rẹ̀, bí ó bá há, òkè nìkan ni yóò ti máa so. Èso tí ẹ máa gbìn, ẹ dà á sínú omi, èyí tó bá léfòó ẹ dà á nù, èyí tó bá rì ẹ gbìn ín. Bí ẹ bá lè dé ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ n'Íbàdàn, ẹ lọ béèrè ọmọ igi níbẹ̀. Orúkọ kòkó ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n kajú wà lára ohun tí ìjọba ní kí wọ́n máa ṣe ìwádìí lé lórí.

Iná ni ọ̀tá rẹ̀. Ewé gbígbẹ abẹ́ kajú dà bí epo, ọmọ ọlọ́dẹ kan lè fi iṣáná kan pa oko ọdún mẹ́wàá run. Kí oṣù kọkànlá tó parí, ẹ gba àyíká oko mọ́ títí yóò fi fẹ̀ tó ọ̀nà ọkọ̀.

Ti ọjà rẹ̀ ńkọ́? Oníbàárà pọ̀, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n odindi hóró la ń tà, èyí tí a kò pa, òkè òkun sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ. Nígbà tí iye bá já lọ́hùn-ún, alágbàtà á kàn sọ fún yín lẹ́nu ọ̀nà oko pé ọjà ti kú. Mo ti dúró níbi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ọkùnrin náà bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò, ó gé hóró kọ̀ọ̀kan sí méjì, ó ń wo inú rẹ̀ bóyá ó funfun tàbí ó ti bu, ó sì fi ìyẹn dín owó gbogbo àpò kù. Arábìnrin tó ni kajú kò mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Ẹ sá a gbẹ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó dì í, inú àpò ọ̀rá kọ́, inú àpò ìdọ̀họ ni. Ẹ sì para pọ̀ tà á, àgbẹ̀ mẹ́wàá tó ní tọ́ọ̀nù kan lè kọ iye tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, èyí tí ẹnìkan tó gbé àpò kan wá kò lè kọ̀. Ẹni tó bá ń rò pé òun á máa pa á fúnra òun, ẹ ṣọ́ra: oje èèpo rẹ̀ máa ń bó èèyàn lára, iṣẹ́ tó ń béèrè ìbọ̀wọ́ àti ohun èlò ni.

Emi àti igbá (igi irú) tó ti wà níbẹ̀

Èyí ni ìpàdé wa kò kà sí ohun tí èèyàn lè yàn. Ẹ kò gbìn ín, nítorí náà wọ́n ń pè é ní igbó lásán.

Emi tí ẹ gbìn lónìí lè gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kó tó so, lẹ́yìn náà á máa so fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Nítorí náà, ẹni tó ní emi mẹ́wàá tó ti ń so, ó ní ohun tí owó kò lè tètè rà. Láti oṣù karùn-ún ni ìyá àgbà wa ti ń dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ nítorí ejò. Ó ń ṣa á, ó ń sè é, ó ń sá a, ó ń pa á, ó ń yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́, á wá fi ọwọ́ po ó pẹ̀lú omi títí ọ̀rá rẹ̀ fi máa funfun léfòó bí ìfófó ọṣẹ. Apá á ro ó. Òrí tó ti inú rẹ̀ jáde ni wọ́n fi ń para fún gbogbo wa nígbà tí a wà lọ́mọ ọwọ́, ìyókù rẹ̀ ló ń gbé lọ sí ọjà Sábó.

Igbá náà ńkọ́? Irú. Ó ti wọ́n débi pé ọ̀pọ̀ ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe irú báyìí, ẹni tó bá mọ ọbẹ̀ sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Abẹ́ igi méjèèjì, àgbàdo àti bàbà ń hù, ẹ ò ní lé oúnjẹ kúrò nílẹ̀ nítorí wọn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó èso emi tútù lọ sókè òkun fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa fọ̀rá rẹ̀ jáde nílé. Èrò rere ni, àmọ́ ẹni tó ń ṣa á nìkan, tí kò ní ẹ̀rọ, ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ń kọ́kọ́ bá, torí alágbàtà á dín iye kù fún un. Obìnrin tó ń ṣe òrí fúnra rẹ̀ kò fara gbá a bẹ́ẹ̀.

Àléébù rẹ̀ wà. Owó rẹ̀ kéré sí ti kajú, iṣẹ́ rẹ̀ le, emi kì í sì so dáadáa lọ́dọọdún. Èyí tó burú jù ni pé ẹni tó ń ṣa á kò ní ìwé kankan. Níbí ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ lára Finland. Àwọn ìdílé ló ni púpọ̀ nínú igbó ibẹ̀, síbẹ̀ àṣà àti òfin wọn gba ẹnikẹ́ni láyè láti wọ igbó olóníigbó lọ ṣa èso àti olú, bí kò bá ti ba nǹkan jẹ́. Olówó igi ń ta igi, ẹni tí kò ní ilẹ̀ ń ṣa èso. Àwa náà ní irú ẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀, a kàn ń jẹ́ kó kú. Elinor Ostrom, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé, ní 2009, fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn pé àwọn tó ń lo igbó tàbí omi pọ̀ lè tọ́jú rẹ̀ fún ìran pípẹ́, bí àwọn fúnra wọn bá ṣe òfin rẹ̀, tí wọ́n ń ṣọ́ ọ, tí ẹni tó rú u sì ń jìyà díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ aláàro lè ṣe é.

Oyin kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àpótí oyin mẹ́ta tàbí mẹ́rin lábẹ́ kajú tàbí emi, jìnnà sí ilé, owó tí ẹ ó ná sí i kò pọ̀, kòkòrò oyin sì ń ran igi lọ́wọ́ láti so. Ẹ fi kún ohun tí ẹ bá yàn.

Ta ni kó mú èwo?

Opó tàbí ẹni tí owó ọdọọdún jẹ lógún: ẹ dá emi àti igbá sí, kí ẹ gbin kajú sí ibi tó ṣófo. Bí éékà yín kò bá ju méjì lọ, ẹ má dán tíkì wò, torí ẹ ní láti máa rí oúnjẹ jẹ lórí ilẹ̀ náà.

Ẹni tó ní iṣẹ́ oṣù tàbí owó ìfẹ̀yìntì, tí ilẹ̀ rẹ̀ ní ìwé, tí ẹnìkan sì ń gbé nítòsí láti máa ṣọ́ ọ, lè gbin tíkì fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ẹ bá pín ilẹ̀ náà sí mẹ́wàá, kí méje jẹ́ tíkì, kí mẹ́ta jẹ́ ohun tó ń mówó wọlé lọ́dọọdún.

Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀: oyin, àti àdéhùn pé ẹ lè ṣa èso emi orí ilẹ̀ náà. Bí onílẹ̀ bá gbà kí ẹ gbin kajú, ẹ gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí, kí ẹ kọ iye ọdún àti bí ẹ ó ṣe pín in.

Ẹbí tó ṣì ń jà, bíi tiwa nígbà yẹn, kò tíì yẹ kó gbin ohunkóhun. Ẹ parí ìjà ilẹ̀ ná. Igi tó wà níbẹ̀ kò béèrè owó lọ́wọ́ yín.

Tiwa? Ní ìpàdé kẹrin, mo ní kí ìyá àgbà sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ó ní, «Ẹ wá ká lọ kà wọ́n.» A tẹ̀ lé e. Emi mọ́kànlá, igbá mẹ́rin. Ó mọ èyí tó ń so lọ́dọọdún, ó mọ èyí tí adùn rẹ̀ dín. A fi ẹfun kun ìdí gbogbo wọn, a kọ ọ́ sínú ìwé ẹbí pé àwọn obìnrin ilé ló ni èso wọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gé wọn. Éékà mẹ́ta tó ṣófo la ó fi gbin kajú nígbà tí òjò bá dúró sójú kan. Àbúrò bàbá mi ṣì ń béèrè tíkì, a fún un ní ẹ̀gbẹ́ ààlà láti gbìn ín sí ìlà kan.